Bí Ìjàpá Ṣe Kọ́ Ìlú Ẹranko Ní Ìtìjú Ẹsẹ̀ Lásán

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ohùn yín kò tíì jí. Mo ní, ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò kọ lu ẹlòmíràn, Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló kọ lù. Kó tó rìn jìnnà, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti pàdé Ìjàpá lójú ọ̀nà oko rí, kí ló máa ń kọ́kọ́ ṣe bó bá gbúròó yín?

Ó máa ń fa ẹsẹ̀ wọlé.

Ẹ ṣeun. Kí nìdí?

Ẹ̀rù wa ló ń bà á.

Ẹ̀rù yín kẹ̀. Ẹran tó gbé ilé líle bí òkúta sẹ́yìn, ẹ̀yin tí ẹ kò tíì lè dá ìkòkò omi gbé ni ẹ̀rù yín ń bà á. Ó dáa. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ ó gbọ́ ohun tó fà á gan-an.

Láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn ẹranko ní ìlú tiwọn, tí Erin jẹ́ ọba wọn, kò sí ẹranko kan tó mọ bàtà. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé wáyé ni wọ́n fi ń lọ sóko, òun ni wọ́n fi ń lọ sódò, òun náà ni wọ́n fi ń jó bí ijó bá dé. Bí ẹ̀gún bá gún wọn, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á máa lọ. Kò sí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹnìkejì, nítorí iṣẹ́ pọ̀.

Iṣẹ́ pọ̀, àfi fún Ìjàpá. Lọ́dún tí à ń wí yìí, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ebè, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Nígbà tí wọ́n ń gbin iṣu, ó ní ẹ̀yìn náà kò tíì san. Nígbà tí wọ́n ń ri igi mọ́lẹ̀ kí ewé iṣu lè rí nǹkan fà mọ́, ó jókòó sábẹ́ ibòji, ó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ìgbà tí iṣu wá ta tán, tí ebè bẹ̀rẹ̀ sí í là nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn Ìjàpá san. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run.

Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbádùn ìwòsàn náà.

"Baálé mi, àwọn ará ìlú máa tó wu iṣu. Kí ni àwa máa wù?"

"Iṣu ni."

"Iṣu ta?"

Ìjàpá fajú ro. Ó ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́nu obìnrin tó mọ àpọ́nlé ọkọ.

Òfin kan sì wà ní ìlú náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wu iṣu tuntun títí ọba yóò fi pe gbogbo ìlú sí ààfin láti dá ọjọ́. Bí ọjọ́ náà bá pé, tí ọba bá ti tọ́ iṣu wò, nígbà náà ni oníkálukú á tó gbé ọkọ́ lọ sóko rẹ̀. Títí di ìgbà náà, inú ilẹ̀ ni gbogbo iṣu ìlú wà. Iṣu yẹn ni oúnjẹ wọn títí òjò ọdún tó ń bọ̀ á fi rọ̀. Kò sí òmíràn.

Ìjàpá ronú sí i. Lọ́jọ́ tí ọba bá pe ìlú, oko á dá páropáro. Ṣùgbọ́n ìpàdé ààfin kì í pẹ́, nítorí Erin kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí Ìjàpá tó dé orí ebè kejì, olóko á ti dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì yá, ẹ̀yin náà mọ̀. Ohun tó ń wá ni nǹkan tí yóò mú gbogbo ìlú jókòó sí ààfin títí ilẹ̀ á fi ṣú, láìjẹ́ pé ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kan, ó fara pamọ́ sínú koríko lẹ́bàá ọ̀nà àwọn ènìyàn. Ó rí ọkùnrin kan tó ń ti oko bọ̀. Bàtà ọkùnrin náà wà lórí ẹrù tó rù. Ẹsẹ̀ lásán ló fi la gbogbo ẹrẹ̀ àti gbogbo ẹ̀gún ọ̀nà oko já. Nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ ìlú, ó dúró létí odò, ó fọ ẹsẹ̀, ó sọ bàtà kalẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó wá ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun.

Ìjàpá la ẹnu sílẹ̀. "Àṣé kì í ṣe nítorí ẹ̀gún ni wọ́n fi ń wọ bàtà," ó ní. "Nítorí ojú ènìyàn ni."

Ó gba abẹ́ igi apá lọ tààrà. Ẹ mọ èso apá, bó bá gbẹ tán, á là sí méjì, èèpo rẹ̀ á le bíi pákó. Ìjàpá ṣa mẹ́rin tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ó tẹ́ òwú sínú wọn, ó fi ìtàkùn dè wọ́n mọ́ ẹsẹ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, ó bọ́ sí ọ̀nà odò. Ẹtu ló kọ́kọ́ pàdé, Ẹtu tí gbogbo ìlú ń yìn nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ẹtu, ẹ kú ará-fẹ́ra-kù o. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Ẹtu dúró. "Ta ló kú?"

"Èmi gan-an ni mo fẹ́ bi yín. Mo rí yín lẹ́sẹ̀ lásán ní gbangba, mo ní ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ yín. Àbí bàbá ni?"

"Bàbá mi wà nílé, ó ń jẹun."

"Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ má bínú. Nígbà tí kì í ṣe ọ̀fọ̀, mi ò wá mọ ohun tí ǹ bá pè é." Ó tún wo ẹsẹ̀ Ẹtu, ó mi orí, ó ń lọ. Bàtà rẹ̀ ń dún lórí àpáta: kò, kò, kò.

Ẹtu bojú wolẹ̀. Ó rí i pé erùpẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òun. Erùpẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n òní ló rí i.

Àárín ọjà ni Ìjàpá ti bá Ọ̀bọ. Ó rọra sún mọ́ ọn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe débi tí àwọn tó ń kọjá kò fi ní gbọ́.

"Ọ̀bọ, pẹ̀lẹ́. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Kí ló bẹ̀rẹ̀?"

"Bí kò bá rọrùn fún ọ láti sọ ọ́, má sọ ọ́. Ṣé o ṣì ń dá àwọn ará ilé rẹ mọ̀?"

"Ìjàpá, ṣé orí rẹ pé ṣá?"

"Tèmi pé. O ò rí bàtà lẹ́sẹ̀ mi ni? Àwọn tí orí wọn dàrú là ń bá lójú ọjà lẹ́sẹ̀ lásán."

Ọ̀bọ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè, ó rí i pé àwọn kan ti dúró, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó gba ẹ̀yìn ọjà lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ra ohun tó wá rà.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀ ní ìlú kékeré. Kó tó di ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó ń jáde láìkọ́kọ́ yọjú wo bóyá ẹnì kan wà lójú ọ̀nà. Àwọn ìyá ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n má bá ọmọ tí kò wọ bàtà ṣeré. Òwe tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ní àwọn baba ńlá wọn ló pa á, àwọn baba ńlá tí kò fojú kan bàtà títí wọ́n fi kú.

Bí ìtìjú bá ti wọ̀lú, ẹni tó ń ta ìbora á rọ́jà. Ìjàpá kò tilẹ̀ tà á. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ó ń ṣa èèpo apá, ó ń tẹ́ òwú sí i, ó ń wọ̀ ọ́ fún wọn lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. "Ará kan náà ni wá," ó ní. "Bí ojú bá tì yín, èmi náà ni ojú ń tì." Ìjàpá tí kì í fi òórùn ọbẹ̀ tọrẹ ló ń fúnni ní bàtà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè ìdí. Ẹni tó wà níhòòhò kì í bi ẹni tó na aṣọ sí i pé níbo ló ti rí i.

Ìlú wá lajú. Ẹtu tó máa ń sáré bí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ru omi kíkún. Ọ̀bọ kò lè gun igi mọ́. Bí ebi bá ń pa á, á dúró sábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, á máa bẹ àwọn ẹyẹ pé kí wọ́n bá òun já díẹ̀. Bí o bá bi wọ́n pé bàtà ńkọ́, wọ́n á ní ó tù wọ́n lára púpọ̀. Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á fara ti ògiri, wọ́n á sinmi.

Àgbébọ̀ adìẹ ló gbà á kẹ́yìn. Ó ń sàba lórí ẹyin lọ́wọ́ nínú igbó kékeré tó wà lẹ́yìn oko Ẹtu, kò sì ní àyè. Ṣùgbọ́n ìgbà tó jáde wá mu omi, tó kí àwọn aládùúgbò, tí wọn kò dá a lóhùn, tí wọ́n ń wo èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀, òun náà gba méjì. Bó bá wọ̀ ọ́, kò lè walẹ̀ wá kòkòrò. Ó ń fi ẹnu wá a, bí ẹni tí wọ́n so lọ́wọ́.

Ìjàpá nìkan ni bàtà tù lára ní tòótọ́, nítorí kò níbi tó ń kánjú lọ. Ó ń wọ̀ ọ́ ní ilé, ó ń wọ̀ ọ́ lóde. Ó gbé e gun ẹní.

"Baálé mi, ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó sùn."

"Kí n wá máa na ẹsẹ̀ lásán sílẹ̀ bí ẹni tí kò ní ẹbí?"

"Èmi nìkan ló wà níbí."

"Ìwọ náà ní ojú," ni Ìjàpá wí, ó sì yí ẹ̀yìn sí i.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé ń sún mọ́, Ìjàpá wọ ààfin lọ bá Erin. Erin nìkan ni kò ní bàtà ní gbogbo ìlú, kò sí èso apá tó lè gba irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjàpá sì ti sọ fún un pé ẹsẹ̀ ọba kì í ṣe ẹsẹ̀ lásán, pé òpó ìlú ni. Inú ọba dùn sí i.

"Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ti dé ìlú àwọn ènìyàn. Kò sí ẹni tó ń wọ bàtà síwájú ọba wọn. Ẹnu ọ̀nà ààfin ni wọ́n ń bọ́ ọ sí."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," Erin ní.

"Ṣé tiyín á wá yàtọ̀?"

"Kò gbọdọ̀ yàtọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà náà. Èmi á bá wọn ṣọ́ ọ. Kábíyèsí, ẹ má dá mi lọ́lá nítorí ẹ̀, iṣẹ́ kékeré ni."

Ọjọ́ ìpàdé pé. Oòrùn mú ganrínganrín ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Àgbébọ̀ sì ro pé ooru á bá òun tọ́jú ẹyin fún ìgbà díẹ̀. Ó fi ewé gbígbẹ bò wọ́n, ó jẹ́ ìpè ọba. Gbogbo ìlú wá. Bí wọ́n ṣe ń dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń bọ́ bàtà fún Ìjàpá, tí wọ́n ń wọlé lẹ́sẹ̀ lásán pẹ̀lú orí gíga. Ẹsẹ̀ lásán níwájú ọba, ọ̀wọ̀ ni. Ẹsẹ̀ kan náà, bó bá fi ìṣísẹ̀ kan kọjá ẹnu ọ̀nà, ó di ìtìjú. Ẹ má bi mí bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ ìgbà tó kọjá ẹnu ọ̀nà.

Wọn kò tíì kí ọba tán tí Ìjàpá fi kó gbogbo bàtà náà sínú agbọ̀n, tó rù wọ́n lọ sẹ́yìn ààfin, tó sì dà wọ́n sínú kànga gbígbẹ kan. Tirẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó padà wá fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri láti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ á ṣe rí.

Ìpàdé kò pẹ́. Erin ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn máa wu iṣu, gbogbo wọn ní ó dáa, wọ́n dìde. Ẹtu ló ṣáájú. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró gbagidi, àwọn tó wà lẹ́yìn kọ lù ú.

"Bàtà dà?"

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Kò sí bàtà, kò sí Ìjàpá.

"Ẹ jẹ́ ká kúkú máa lọ bẹ́ẹ̀," Ọ̀bọ ní.

"Ìwọ máa lọ," Ẹtu ní.

"Kí èmi nìkan lọ? Kí wọ́n lè rí ẹni fi ṣe ẹlẹ́yà?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn ará ìlú."

Gbogbo ará ìlú tó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi orí. Wọ́n ní òótọ́ ni, àwọn ará ìlú kò dára rárá.

Wọ́n bá padà wọnú ààfin, wọ́n jókòó. Wọ́n ní àwọn á dúró kí ilẹ̀ ṣú, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àwọn. Erin béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, Kábíyèsí, ìfẹ́ yín ló ń dá àwọn dúró. Lẹ́yìn ògiri, Ìjàpá fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa tú u fó. Ó gbé agbọ̀n, ó gbé ọkọ́, ó ń lọ sóko: kò, kò, kò.

Oko Ẹtu ló ti bẹ̀rẹ̀. Iṣu jáde bí apá ọkùnrin. Ó bọ́ sí ti Ọ̀bọ, èyí sì jù ú lọ. Bàtà ń yọ̀ ọ́ lórí ebè, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Ẹlòmíràn ì bá ti bọ́ ọ. Ìjàpá kò bọ́ ọ. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú oko, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ́ ìlú ní ìwà ọmọlúàbí kò gbọdọ̀ gbàgbé ara rẹ̀.

Láàfin, ojú ọ̀run yí padà. Oòrùn wọ̀ sẹ́yìn ìkùukùu, atẹ́gùn tútù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Àgbébọ̀ dìde.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?" Ẹtu bi í.

"Ilé. Ẹyin mi ń tutù."

"Lẹ́sẹ̀ lásán? Ìyá Adìẹ, ẹ ní sùúrù. Ilẹ̀ máa tó ṣú."

"Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á ti kú."

"Ojú àwọn ará ìlú ńkọ́?"

"Ta ló wà níta? Ṣebí gbogbo wa la wà níbí."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," Ẹtu ní. "Ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan wà níta ńkọ́?"

Àgbébọ̀ kò tún dúró dá a lóhùn. Ó la àárín wọn kọjá, orin ló sì fi dáhùn. Ẹ bá mi gbè é. "Ẹ jẹ́ n lọ" lẹ ó máa wí.

Ẹyin mi ń tutù nílé.
*Ẹ jẹ́ n lọ.*
Òjò ń ṣú bọ̀ lókè.
*Ẹ jẹ́ n lọ.*
Ìtìjú kò mọ̀ ọ́n sàba.
*Ẹ jẹ́ n lọ.*
Ẹsẹ̀ yìí ni mo gbé wáyé.
*Ẹ jẹ́ n lọ.*

Ó kọjá ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń yọjú wò ó láti inú ààfin, wọ́n ń retí pé ilẹ̀ á là, pé á gbé e mì. Ilẹ̀ kò là. Àgbébọ̀ ń sáré lọ, èékánná rẹ̀ ń ta erùpẹ̀ sẹ́yìn.

Ọ̀nà ilé rẹ̀ gba àárín oko kọjá. Ibẹ̀ ló ti bá Ìjàpá lórí ebè, agbọ̀n kún fọ́fọ́, iṣu kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjàpá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró sí ẹsẹ̀.

"Ìyá Adìẹ," ó ní, "lẹ́sẹ̀ lásán? Lọ́sàn-án gangan?"

"Ìjàpá, iṣu ta nìyẹn?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ẹsẹ̀ yín. Àgbàlagbà bíi tiyín, tó ti bímọ. Bí àwọn ọmọ bá rí yín báyìí, kí ni wọ́n á rò?"

"Bí mo bá dúró bá ọ sọ̀rọ̀, kò ní sí ọmọ tó máa rò ó," ni Àgbébọ̀ wí, ó sì sáré kọjá. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sáré ló ń fi gbogbo ohùn ké, irú igbe tí adìẹ máa ń ké bó bá rí ejò. Ó dé ìdí ẹyin, ó fàyà kàn wọ́n, wọ́n ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó jókòó lé wọn lórí, ó sì ń bá igbe rẹ̀ lọ láti ibẹ̀.

Igbe náà dé ààfin. Erin dìde nílẹ̀.

"Nǹkan wà nínú oko. Ẹ ká lọ."

"Kábíyèsí," Ẹtu ní, "ṣé ẹ̀yin náà máa fi ẹsẹ̀ lásán gba ìgboro?"

"Kí ni mo ti fi ń gbà á láti ọjọ́ tí ẹ ti fi mí jọba?"

Ẹnikẹ́ni kò rántí pé òun rí bàtà lẹ́sẹ̀ ọba rí. Erin jáde, wọ́n tẹ̀ lé e. Ibi tí ọba bá sì ti wà, ibẹ̀ ni ààfin, níwájú ọba ni wọ́n wà títí wọ́n fi dé oko. Bí ẹsẹ̀ gbogbo ìlú ṣe di ẹsẹ̀ ọ̀wọ̀ lójú títì nìyẹn, láìwẹ̀, láìfọ̀.

Ìjàpá gbọ́ ìró wọn. Ó fẹ́ sá, ṣùgbọ́n agbọ̀n wúwo, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ibi tó ti ń ronú lórí èyí tí òun á yàn ni wọ́n bá a.

"Kábíyèsí o. Ẹ kú ìrìn. Mo ní kí n bá wọn wò ó bóyá iṣu ti gbó."

"N ò tíì dé orí iṣu," Erin ní. "Kí ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ?"

"Bàtà ni, Kábíyèsí."

"Iwájú ta lo wà?"

Ìjàpá bojú wo bàtà rẹ̀. Òun ló mú òfin náà wá láti ìlú ènìyàn. Ó tú ìtàkùn, ó bọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ tí kò rí oòrùn fún ìgbà pípẹ́ jáde, ó funfun bí inú ẹ̀gẹ́.

Ọ̀bọ ní kí wọ́n nà án. Ẹtu ní kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Erin ní kí gbogbo wọn dákẹ́.

"Ẹnikẹ́ni kò ní nà án. Ìjàpá, ru iṣu tí o wù. Gba àárín ìgboro, gbé e dé ààfin. Bí o bá gbé e dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. A ó fún ọ ní ibi tí wàá kọ ebè sí, oníkálukú á sì fún ọ ní iṣu díẹ̀ tí wàá gbìn, kí ebi má bàa sọ ọ́ di olè mọ́."

Àwọn kan kùn pé ọba ti rọ̀ jù. Ìdájọ́ wo nìyẹn, kí ẹnì kan ṣáà rìn láti oko dé ààfin? Ohun tí gbogbo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe láìlàágùn ni.

Ìjàpá ru agbọ̀n. Ó mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọba: oko, iṣu gbígbìn, ẹnu Yánníbo tí yóò sinmi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ilẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilé àkọ́kọ́ yọ. Ó gbójú sókè, ó rí ojú níwájú, ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú lẹ́yìn.

"Ẹ má wò mí," ó ní.

"Ta ló ń wò ọ́?" Ẹtu bi í.

"Ẹsẹ̀ mi lẹ̀ ń wò."

"Iṣu mi ni mò ń wò, kí o má bàa já a bọ́."

Òótọ́ ló sọ. Iṣu ni Ẹtu ń wò. Ọ̀bọ ti gun igi lọ, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti wù ú láti ọjọ́ yìí. Àwọn yòókù ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò á rọ̀. Kò sí ẹni tó rántí pé Ìjàpá ní ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún Ìjàpá? Ó fa ẹsẹ̀ kan wọnú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi mẹ́ta tiro díẹ̀. Ó fa èkejì wọlé.

"Ìjàpá, rìn," Erin ní.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí wọ́n nà mí."

"Wọn ò ní nà ọ́. Ó kù díẹ̀ kí o dé. Rìn."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mí sínú kànga."

Ó fa méjì tó kù wọlé, ó fi àyà sọlẹ̀ láàárín ìgboro. Agbọ̀n dànù, iṣu yí káàkiri. Oníkálukú mú tirẹ̀. Erin dúró, ó dúró, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó rí i pé ẹni tí òun ń dúró dè ti wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀nà ló ṣì wà. Ọba ṣe hẹ̀n-ẹ́n, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹranko ti ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ síbi tó bá wù wọ́n, tí adìẹ sì ń walẹ̀ níwájú àlejò láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni Ìjàpá kò ti ní oko tirẹ̀, tó jẹ́ pé ohun tó bá rí lẹ́bàá ọ̀nà ló ń jẹ. Bó bá sì gbúròó ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọmọdé tó ń lọ pọn omi, kíá ni yóò fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Ẹ̀yin ní ẹ̀rù yín ló ń bà á. Ẹ má tan ara yín jẹ. Gbogbo ìlú ló gbọ́ ẹ̀kọ́ Ìjàpá lórí ẹsẹ̀ lásán, gbogbo wọn ló sì ti gbàgbé rẹ̀, àfi olùkọ́.

Ibi tí àlọ́ mi ti sinmi nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹnu mi má lè fẹ́ iná tí a ó fi dáná láàárọ̀ ọ̀la. Bí n kò bá purọ́, kó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, kó jò: fúù.

Ó ti jò.